Òrìṣà tí kò bá wọn sọ̀ kalẹ̀ ní Ìdànrè

Ìdànrè wà ní gúúsù Àkúrẹ́, nǹkan bí ogún kìlómítà sí i. Ẹni tó bá ń ti Oǹdó bọ̀ yóò kọjú sí ìlà oòrùn kó tó kàn án. Ìlú mẹ́ta ló wà ní ẹsẹ̀ Òkè Ìdànrè: Òdòdè, Aládé àti Atọ́sìn. Kì í ṣe ibẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè ti bẹ̀rẹ̀. Orí òkè ni àwọn baba ńlá wọn gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, nínú ìlú tó ní ààfin tirẹ̀, tó sì wá ní kóòtù àti ilé ìwé lẹ́yìn tí òyìnbó dé. Àwọn ọdún 1920 ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀. 1923 ni ọdún tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Ọba sọ̀ kalẹ̀, ìjòyè sọ̀ kalẹ̀, àwọn ìyàwó ilé gbé ìkòkò wọn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Òrìṣà wọn, Orósùn, nìkan ni kò sọ̀. Òkè tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbi tó wà láti ọjọ́ tó ti wà, oṣù Karùn-ún ọdọọdún sì ni àwọn tó ń bọ ọ́ ń padà gòkè tọ̀ ọ́ lọ.

Ìbéèrè ńlá kan wà nínú èyí fún ẹni tó bá ń ronú nípa ìsìn Yorùbá. Àwọn àgbà ní bí kò sí ènìyàn, imalẹ̀, ìyẹn òrìṣà, kò sí. Tí ọ̀rọ̀ yìí bá jẹ́ òótọ́ pátápátá, kí ló mú òrìṣà tí ìlú rẹ̀ ti ṣófo dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún? Tí kò bá sì jẹ́ òótọ́, tí òrìṣà lè dá wà lórí àpáta láìsí ẹnikẹ́ni, kí ni àwọn tó ń làágùn gòkè lọ́dọọdún ń wá níbẹ̀?

Òkúta náà fúnra rẹ̀ ti wà ṣáájú ìtàn ènìyàn. Nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ló yọ́ nínú iná abẹ́ ilẹ̀, tó tutù díẹ̀díẹ̀, tó sì le. Láti ìgbà náà ni òjò ti ń fọ ilẹ̀ tó bò ó lọ. Ibi tí òkúta bá ti sán púpọ̀, omi a rọ́nà wọ inú rẹ̀, a jẹ ẹ́ títí yóò fi di iyẹ̀pẹ̀. Ibi tí kò bá ti sán, a dúró. Àwọn tó dúró ni òkè ràgàjì tí ojú ń rí ní Ìdànrè lónìí, tí orí wọn pá, tí ẹ̀gbẹ́ wọn sì dán débi pé igi kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ibi ta gbòǹgbò sí. Àwọn tó ga jù nínú wọn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3,000 sí ìpele omi òkun. Àárín wọn ni àfonífojì wà, tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́, tó lómi, tó sì ṣeé kọ́lé sí. Láàárín òkè tí kò ṣeé gùn àti àfonífojì tó ṣeé gbé yìí ni ìlú àtijọ́ fara pamọ́ sí.

Ìtàn ìlú sọ pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti wá, Ùfẹ̀ Òkè sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ́. Ẹni tó bá ń wá ibi ìsádi kò ní béèrè ẹwà lọ́wọ́ òkè. Ohun tó ń béèrè ni pé kí ọ̀nà tó wọlé kéré, kí ọ̀tá tó bá ń bọ̀ rẹ̀ ẹ́ kó tó dé, kí omi má sì gbẹ lókè. Òkè Ìdànrè ní gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ogun ń fọ́ ilẹ̀ Yorùbá kiri ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìlú tó wà ní irú ibẹ̀ mọ ohun tí òkè fi ń ṣe é lóore.

Ọ̀nà tí àlejò ń gbà gòkè lónìí ti yàtọ̀ sí ti àwọn baba ńlá. Àtẹ̀gùn kọnkéré tó lé ní 600 ló bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn Òdòdè, ó ní irin ìdìmú, ó sì ní ibi ìsinmi márùn-ún. Kò gba okùn, kò gba irinṣẹ́ kankan, ọmọ ilé ìwé ń gùn ún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pẹ́ tó ti rìn gbẹ̀yìn yóò jókòó ní ibi ìsinmi kejì, kò sì ní tijú láti tún jókòó ní ẹ̀kẹrin. Nígbà òjò, ojú àpáta a máa yọ̀, ẹsẹ̀ tó bá kánjú a sì tàsé. Lẹ́yìn àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn, ọ̀nà tẹ́jú díẹ̀, ó sọ̀ sínú àfonífojì, ó wọ ìlú àtijọ́ lọ. Ilé ìwé àtijọ́ wà níbẹ̀, kóòtù wà níbẹ̀, ààfin Ọwá, ọba wọn, náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú àgbàlá àti òpó gbígbẹ́ rẹ̀, àti ibi tí wọ́n sin àwọn ọba sí. Odò Àrún ń ṣàn. Omi Àpáàrá wà. Àmì kan wà lára àpáta tí àwọn èèyàn ń pè ní àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Ojú ẹsẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní ti Agbóògùn wà lórí òkúta; wọ́n ní ẹsẹ̀ ọmọdé bá a mu, ti àgbà náà bá a mu, ẹsẹ̀ àjẹ́ nìkan ni kò ní bá a mu. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ọ̀nà yóò yí padà wá sí orí àtẹ̀gùn, arìnrìn-àjò yóò sọ̀ kalẹ̀ sí Òdòdè níbi tó ti gbéra.

Kí ìbéèrè Orósùn tó lè yé èèyàn, ó dára kí a wo àwọn òrìṣà tó mọ ìrìn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ló mọ̀ ọ́n. Ògún ń bẹ níbi tí irin bá wà, nínú àgbẹ̀dẹ, nínú mọ́tò, lọ́wọ́ ọlọ́bẹ. Ẹdùn àrá Ṣàngó kò tóbi ju ohun tí èèyàn lè gbé mọ́ àyà lọ. Ìdí nìyí tí àwọn ẹrú tí wọ́n kó kọjá òkun, tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n mú nǹkankan dání, fi rí Ògún àti Ṣàngó bọ ní Brazil àti Cuba. Oǹdó fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i: òrìṣà Ifẹ̀ ni Ọ̀ràmfẹ̀, síbẹ̀ Oǹdó ń bọ ọ́ nílé. Ìtàn tí Oǹdó ń sọ nípa ìbẹ̀rẹ̀ ara wọn tilẹ̀ jẹ́ ìtàn àwọn tó ń rìn. Púpùpú, obìnrin tó kọ́kọ́ jọba lé wọn lórí, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń wá ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí. Wọ́n dé Òkè Agúnlá, wọ́n rí èéfín lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n sì tẹ̀ lé e. Ibi tí ọ̀pá ìdíṣu ti kọ̀ tí kò wọlẹ̀ ni wọ́n dúró sí. Ibi ìwòran ni òkè jẹ́ nínú ìtàn yìí. Wọ́n gùn ún, wọ́n rí ohun tí wọ́n fẹ́ rí, wọ́n kọjá lọ.

Ti Ìdànrè kò rí bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe Ìdànrè nìkan. Ní Ìkẹ́rẹ́, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́ lójú ọ̀nà Adó-Èkìtì, Olósunta ni àpáta tí ìlú ń bọ. Ní Ìbàdàn, ìtàn sọ pé nígbà tí ogun tú ìlú àkọ́kọ́, Lágelú tó tẹ ìlú náà dó àti àwọn ọmọ rẹ̀ sá gun òkè, èso òro àti ìgbín ni wọ́n sì jẹ níbẹ̀ tí wọn kò fi kú. Òkè Ìbàdàn ń gba ẹbọ títí di òní. Ní Abẹ́òkúta, abẹ́ àpáta Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní 1830. Ẹni tó bá to àwọn ìtàn wọ̀nyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yóò rí ohun kan náà nínú ti Ìbàdàn, ti Abẹ́òkúta àti ti Ìdànrè: àwọn èèyàn kan wà nínú ewu, òkè gbà wọ́n, wọ́n sì jẹ òkè ní gbèsè. Gbèsè yẹn ni ìbọ.

Èyí ló mú kí àlàyé kan tó gbajúmọ̀ má tó. Nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè, tó jáde ní 1962, Bọ́lájí Ìdòwú sọ pé àmì lásán ni òkúta, igi àti irin tí wọ́n ń bọ, pé ẹni tó wà lẹ́yìn wọn ni ìsìn ń lọ bá. Àlàyé náà wúlò, ó gba Yorùbá lọ́wọ́ àwọn tó ń sọ pé òkúta ni wọ́n fi ṣe Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n àmì ṣeé pààrọ̀. Bí òkè bá jẹ́ àmì Orósùn lásán, àwọn ará Ìdànrè ì bá ti gbé òkúta kékeré kan kalẹ̀ ní Òdòdè ní 1923, wọn ì bá sì ti sinmi àtẹ̀gùn. Gígòkè tí wọ́n ń gòkè síbẹ̀ fi hàn pé òkè náà wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún fúnra rẹ̀. Obìnrin ni wọ́n mọ Orósùn sí. Òkúta náà sì ti wà ní ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún kí obìnrin kankan tó rìn lórí ilẹ̀. Kò sí ìjà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì. Orósùn kì í ṣe òkúta nìkan, kì í sì í ṣe ẹ̀mí tó kàn fi òkúta ṣe ilé. Àdéhùn láàárín ibi ìsádi kan àti àwọn tó sá di í ni, èèyàn kò sì lè gbé ìdajì àdéhùn bẹ́ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Karin Barber, tó kọ́ nípa oríkì ní Òkukù, kọ àròkọ kan ní 1981 nípa bí ènìyàn ṣe ń sọ òrìṣà di òrìṣà. Ó rí i pé òrìṣà àti olùsìn nílò ara wọn bí èèyàn pàtàkì ṣe nílò àwọn tó ń tẹ̀ lé e: tí àwọn wọ̀nyí bá tú ká, iyì òrìṣà a rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí òwe imalẹ̀ ń wí náà nìyẹn. Tí a bá fi wọn Ìdànrè wò, ohun tí a máa retí ni pé kí Orósùn ti di ẹni ìgbàgbé lórí òkè láti ìgbà tí àwọn èèyàn rẹ̀ ti kó lọ sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé èèyàn kò tú ká, ibùgbé nìkan ló yí padà. Ohun tí ìyípadà yìí ṣe sí ìsìn náà yẹ fún àfiyèsí ju bí wọ́n ṣe máa ń fún un lọ. Nígbà tí ìlú ṣì wà lókè, gígun òkè kò jẹ́ nǹkan kan. Èèyàn ń ti oko bọ̀, ó ru iṣu, ó gòkè. Obìnrin ń ti ọjà bọ̀, ó gòkè. Ẹni tó bá fẹ́ bọ Orósùn ti wà nítòsí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn 1923, oko koko wà nísàlẹ̀, ọjà wà nísàlẹ̀, títì tó lọ sí Àkúrẹ́ àti Oǹdó wà nísàlẹ̀. Ìdí tí ará Ìdànrè fi lè gòkè dín kù títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ku ẹyọ kan. Kíkúrò lórí òkè ló sọ gígun òkè di ìsìn. Ìrìn tó ti jẹ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́ tẹ́lẹ̀ wá di apá kan ẹbọ, àárẹ̀ ẹsẹ̀ sì wọ inú ohun tí olùsìn mú wá.

Àwọn Kìrìstẹ́nì ilẹ̀ yìí náà mọ òkè. Moses Orímóládé Túnọláṣẹ, ọmọ Ìkàrẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ló dá Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní 1925. Ní oṣù Kẹwàá 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ náà dákú mọ́ ọn lọ́wọ́ nítòsí Ìkejì-Aràkejì, ibẹ̀ sì ni ó ti gbọ́ ohùn tó pè é. Láti ìgbà àwọn wọ̀nyí wá ni orí òkè àdúrà ti gbilẹ̀, tí àwọn Aládùúrà ń gbààwẹ̀ lókè fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí méje. Ẹnìkan lè rò pé Orósùn kan náà ni wọ́n wọ aṣọ funfun fún. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú Ìwé Ìhìnrere Jòhánù, obìnrin ará Samáríà gbé ọ̀rọ̀ ka iwájú Jésù, bóyá orí òkè wọn ni àbí Jerúsálẹ́mù ló yẹ kí wọ́n ti máa sin Ọlọ́run, Jésù sì dá a lóhùn pé ọjọ́ ń bọ̀ tí kò ní jẹ́ orí òkè náà, tí kò sì ní jẹ́ Jerúsálẹ́mù. Kìrìstẹ́nì tó gòkè gba èyí gbọ́. Òkè ń ràn án lọ́wọ́: ó dákẹ́, ó jìnnà sí ọjà, ebi ń pa ara, ọkàn ṣí. Tí òkè kan bá di ilé iṣẹ́ kọnkéré, yóò wá òmíràn, Ọlọ́run rẹ̀ kò sì ní sọ nù. Fún un, ibi ni òkè jẹ́. Fún olùsìn Orósùn, ẹnìkan ni òkè jẹ́. Ìyàtọ̀ gidi tó wà láàárín méjèèjì nìyí, kì í ṣe aṣọ tàbí orin.

Mùsùlùmí wà lápá mìíràn. Kò gbà pé ibì kan lè jẹ́ Ọlọ́run, síbẹ̀ kò sí bí Àkúrẹ́ ṣe lè tóbi tó tí Háájì yóò fi ṣeé ṣe níbẹ̀. Àráfà ni Àráfà. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Háájì ni wọ́n ń dúró níbẹ̀, ẹẹ̀méje sì ni wọ́n ń yí Káábà ká, tí ẹsẹ̀ ń padà síbi tó ti gbéra. Àṣẹ ló so ibẹ̀ mọ́ ilẹ̀, kì í ṣe gbèsè ìsádi. Ní Tibet, àwọn ọmọlẹ́yìn ẹ̀sìn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń yí òkè Kailash ká, ìrìn tó tó nǹkan bí kìlómítà 52, wọn kì í sì í gun orí rẹ̀, nítorí pé ọ̀wọ̀ rẹ̀ kọjá kí ẹsẹ̀ ènìyàn tẹ̀ ẹ́. Lójú wọn, gígun òkè ni ìwọ̀sí. Ní Ìdànrè, àìgòkè ni yóò jẹ́ ìwọ̀sí.

Ìrìn tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ìrònú ẹkùn yìí. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó tí kò jìnnà sí Oǹdó, ló rán àwọn ọdẹ rẹ̀ lọ sí Òkè Lángbòdó nínú ìwé tó jáde ní 1938. Ọba ló rán wọn. Ohun tó mú kí ìrìn wọn ní ìtumọ̀ ni pé ẹnìkan wà nílé tó ń retí ohun tí wọ́n lọ mú. Bẹ́ẹ̀ ni olùsìn Orósùn. Kò gòkè láti lọ gbé ibẹ̀. Ó gòkè nítorí àwọn tó wà nísàlẹ̀, nítorí òjò, ọmọ àti ìlera ìlú, ìrìn náà kò sì parí títí yóò fi padà dé àárín wọn.

Ibí ni ìbéèrè àlejò ti wọlé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó wà lórí àtẹ̀gùn náà kò bọ Orósùn rí: akẹ́kọ̀ọ́ láti Àkúrẹ́, olùkọ́ láti Oǹdó pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ẹbí tó wá láti Èkó nígbà ìsinmi. Wọ́n san owó ìwọlé, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn. Ṣé ohun kan náà ni wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn tó wá ní oṣù Karùn-ún? Rárá. Ẹni tó jẹ gbèsè àti ẹni tó wá wòran lè gba ọ̀nà kan náà, kí iye àtẹ̀gùn wọn sì dọ́gba. Ọ̀kan kò lè pinnu pé òun kò ní lọ lọ́dún yìí, èkejì lè pinnu. Síbẹ̀ àlejò ń rí ohun kan gbà tí ìwé kò lè fún un. Nígbà tó bá dé ibi ìsinmi kẹrin tí èémí rẹ̀ ń já, ara rẹ̀ ti mọ ohun tí ọmọ ogun tó ru ohun ìjà mọ̀ níbẹ̀ ní ayé àtijọ́. Ó ti mọ ìdí tí òkè fi jẹ́ ìsádi, ìdí yẹn sì ni gbòǹgbò ìsìn náà. Ìwé ẹ̀sìn kankan kò lè ṣàlàyé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní 2007, wọ́n fi Òkè Ìdànrè sínú àkójọ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé. Ìpinnu náà bọ́gbọ́n mu, nítorí pé ohun tó wà níbẹ̀ kò ṣeé kó lọ sí mùsíọ́ọ̀mù. Òpó ààfin ṣeé gbé. Àfonífojì kò ṣeé gbé. Àní ẹ̀dá kan wà níbẹ̀ tí kò ní ilé mìíràn: ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún lórúkọ ní 1963, tí ọmọ rẹ̀ ń dàgbà lórí àpáta tí omi ń rọ́ lé, tí wọn kò sì kófìrí rẹ̀ fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó tún rí i ní 2013. Òkè Ìdànrè nìkan ni wọ́n tíì ti bá a pàdé. Odi ààfin ní tirẹ̀ ń jìyà, bí ilé amọ̀ tí kò ní olùgbé ṣe máa ń jìyà, ìtọ́jú rẹ̀ sì ni gbèsè tó rọrùn jù láti san nínú gbogbo èyí tí ìlú jẹ òkè.

Ọ̀ràn kan ṣẹ́ kù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Ìdànrè lónìí ni Kìrìstẹ́nì, Mùsùlùmí náà sì wà. Tí ọdún Orósùn bá dé, àwọn kan nínú wọn a máa kópa nítorí pé ọdún ìlú ni, kì í ṣe nítorí pé wọ́n gbà á gbọ́. Ṣé irú ìrìn bẹ́ẹ̀ tó láti mú òrìṣà dúró? Tó bá jẹ́ Kìrìstẹ́nì tàbí Mùsùlùmí ni a bi, yóò ní kò tó, nítorí inú ọkàn ni ìjọsìn tirẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìsìn ìbílẹ̀ kò béèrè bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń béèrè ni pé kí ẹni tó yẹ ṣe ohun tó yẹ lọ́jọ́ tó yẹ níbi tó yẹ. Ohun tó wà nínú ọkàn ẹni kọ̀ọ̀kan tó tẹ̀ lé e gòkè kì í ba ètùtù jẹ́. Ìlú ló dá àdéhùn, ìlú náà ló ń pa á mọ́. Nítorí náà, níwọ̀n ìgbà tí àwòrò bá ń gòkè tí ìlú sì rán an, Orósùn ní ènìyàn, òwe imalẹ̀ kò sì tíì já, ì báà jẹ́ pé èèyàn díẹ̀ péré nínú àwọn tó tẹ̀ lé e ló ń pè é ní òrìṣà.